Ẹ Jẹ́ Ká Jẹun Ọdún, Kí Ọdún Má Jẹ Wá



Bí a bá jókòó ká ka àwọn ọjọ́ ayẹyẹ tí ó wà nínú ọdún kan ní ilẹ̀ wa, ìka ọwọ́ àti ìka ẹsẹ̀ kò ní tó o. Ọdún òrìṣà wà. Ọdún onígbàgbọ́ wà. Ọdún ìmàle wà. Ọdún ìjọba wà. Lẹ́yìn èyí, ìsọmọlórúkọ wà, ìgbéyàwó wà, ìsìnkú àgbà wà. Ọ̀kan kò tíì tán, òmíràn ti dé. Onílù kò sinmi, alásè kò sinmi, àpò àgbẹ̀ náà kò sinmi.

Ṣé ó dára ká máa ṣe ayẹyẹ? Ó dára púpọ̀. Ṣé ayẹyẹ lè ba ilé jẹ́? Ó lè bà á jẹ́. Ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí ni a fẹ́ bá yín sọ.

KÍ NI ÈRÈ AYẸYẸ?

Ẹni tí ó ń roko láti òwúrọ̀ títí di alẹ́ nílò ìsinmi. Ara kì í ṣe irin. Ọjọ́ ọdún ń fún ara ní ìsinmi, ó sì ń fún ọkàn ní ayọ̀.

Ọdún ń kó ẹbí jọ. Ọmọ tí ó wà ní Kútọnu, èyí tí ó wà ní Lomé, èyí tí ó wà ní Èkó, gbogbo wọn ń padà wálé. Àwọn tí ó ń bínú sí ara wọn ń parí ìjà lọ́jọ́ ọdún. Ọmọ kékeré ń mọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ó ń mọ ìyá àgbà rẹ̀, ó ń gbọ́ oríkì ilé rẹ̀.

Ọdún ń kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú. Ẹ wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni a fi ń bu ọlá fún Ìyá Ńlá àti fún gbogbo àwọn ìyá. A ń ṣe é lẹ́yìn ìkórè. A tún ń ṣe é nígbà tí ọ̀dá bá dá tàbí tí àjàkálẹ̀ àrùn bá wọ ìlú. Ní òru, Ẹ̀fẹ̀ a jáde sí gbàgede. A súre fún ìlú, a sì bá ẹni tí ó ṣe ohun tí kò dára wí nínú orin. Ọ̀rọ̀ tí ẹnu ẹyọ ẹnì kan kò lè sọ lọ́sàn-án, Ẹ̀fẹ̀ lè sọ ọ́ lóru, kí gbogbo ènìyàn sì rẹ́rìn-ín, kí wọ́n sì gbọ́n.

Ní ọdún 2001, àjọ UNESCO kéde pé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ jẹ́ ohun iyebíye fún gbogbo ayé. Ní ọdún 2008, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àkójọ àjogúnbá ọmọ ènìyàn, wọ́n sì kọ orúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò sí i. Bí àwọn ará òkèèrè bá mọ iyì ohun tí a ní, àwa tí a ni ín kò gbọdọ̀ sọ ọ́ nù.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ pé kí á má ṣe ọdún mọ́, kò gbà wá nímọ̀ràn rere. Ohun tí ó yẹ ká bi ara wa ni pé: báwo ni a ó ṣe ṣe ọdún, tí ilé kò fi ní dàrú lẹ́yìn ọdún?

BÍ ỌDÚN ṢE Ń YÍ PẸ̀LÚ IṢẸ́ OKO

Ẹ jẹ́ ká to àwọn ọdún náà sí ẹ̀gbẹ́ iṣẹ́ oko, kí a lè rí ibi tí wàhálà fi ara pamọ́ sí.

Oṣù kìíní. Ẹ̀ẹ̀rùn ni. Àgbàdo àti iṣu wà nínú àká, owó díẹ̀ wà lọ́wọ́. Ọjọ́ 1 ni ọdún titun. Ní Bẹ̀nẹ̀, inú oṣù yìí ni ọdún àwọn ẹ̀sìn ìbílẹ̀. Òfin tí wọ́n ṣe ní ọdún 1997 ni ó kọ́kọ́ fi ọjọ́ 10 lélẹ̀ fún un. Láti ọdún 2024, ayẹyẹ ńlá tí wọ́n ń ṣe ní Ouidah lákòókò náà ni wọ́n ń pè ní Vodun Days. Nínú oṣù yìí kan náà, ní Àjàṣẹ́, àwọn Àgùdà, tí àwọn baba ńlá wọn ti Bùràsílì padà wá, ń ṣe ọdún Bonfim wọn, wọ́n sì ń gbé eégún Bourian jáde sí ìgboro.

Oṣù kẹta àti oṣù kẹrin. Òjò àkọ́kọ́ ń rọ̀ ní ìhà gúúsù. À ń kọ ebè, à ń gbin àgbàdo. A nílò irúgbìn, a nílò ọ̀wẹ̀. Ọdún Àjíǹde ń bọ́ sí àkókò yìí. Ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ni àwọn ará wa ní Tógò ń ṣe ọdún òmìnira tí wọ́n gbà ní ọdún 1960.

Oṣù karùn-ún, oṣù kẹfà, títí wọ oṣù keje. Ìgbà èbùrú ni. Koríko ń dàgbà, a gbọ́dọ̀ roko. Ṣùgbọ́n àká ti gbẹ, oúnjẹ ti wọ́n lọ́jà. Àkókò yìí náà ni ẹ̀fọn ń pọ̀, tí ibà ń mú àwọn ọmọdé. Iṣẹ́ pọ̀, oúnjẹ kéré, àìsàn pọ̀. Ẹ fi àkókò yìí sọ́kàn.

Oṣù kẹjọ. Àgbàdo titun ti dé, iṣu titun ń wọlé. Ọjọ́ 1 ni ọdún òmìnira Bẹ̀nẹ̀, láti ọdún 1960. Ọjọ́ 15 ni ọdún Màríà. Ọjọ́ kan náà ni èrò ń rọ́ lọ sí Savalou fún ọdún iṣu titun. Nínú oṣù yìí ni àwọn ọmọ ìjọ Àgùdà ń ti ọ̀nà jíjìn wá sí Ìdàáṣà láti gbàdúrà ní ihò àpáta Arigbo.

Oṣù kọkànlá àti oṣù kejìlá. Ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá ni ọdún gbogbo ẹni mímọ́, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lọ tún ibojì àwọn òkú wọn ṣe. Lẹ́yìn náà Nọẹ́lì dé. Ọ̀nà ti gbẹ, ìkórè ti wọlé, nítorí náà ọ̀pọ̀ ẹbí ń fi ìsìnkú ńlá sí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ọdún àwọn ìmàle ńkọ́? Ọdún Ìtúnu ààwẹ̀, Iléyá àti Mọ́lúdì kì í dúró sí oṣù kan. Òṣùpá ni wọ́n fi ń ka ọjọ́ wọn. Ọdún òṣùpá jẹ́ ọjọ́ 354 tàbí 355, ọdún ti oòrùn sì jẹ́ ọjọ́ 365 tàbí 366. Ìdí nìyí tí Iléyá fi ń sún síwájú bí ọjọ́ 10 tàbí 11 lọ́dọọdún. Ní ọdún 2024, ọjọ́ 16 oṣù kẹfà ni a ṣe Iléyá. Ní ọdún 2025, ọjọ́ 6 oṣù kẹfà ni. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ń wọ inú oṣù karùn-ún, ó ń lọ sí oṣù kẹrin. Yóò gbà tó ọdún 33 kí ó tó yí ká padà sí ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ kò rí ọ̀rọ̀ náà? Ní àwọn ọdún wọ̀nyí, Iléyá ń bọ́ sí àkókò tí àká gbẹ, tí owó kò sí. Ẹni tí kò bá múra sílẹ̀ láti oṣù kejìlá, gbèsè ni yóò fi ra àgbò.

ÀGBẸ̀ TÍ ỌDÚN JẸ

Ẹ gbọ́ ìtàn àgbẹ̀ kan. A ó kàn máa pè é ní Bàbá Ìbejì, nítorí irú rẹ̀ wà ní gbogbo abúlé. Bóyá ẹ mọ ọ̀kan. Bóyá èmi tàbí ìwọ ni.

Bàbá Ìbejì kórè àpò àgbàdo 12. Ènìyàn mẹ́jọ ni ó ń jẹun nínú ilé rẹ̀. Ní oṣù kejìlá, ó fẹ́ ṣe ìsìnkú bàbá rẹ̀. Ó ta àpò mẹ́fà. Nígbà náà, gbogbo ènìyàn ni ó ń ta àgbàdo, nítorí náà owó rẹ̀ kò ju fúránkì 15.000 lọ lórí àpò kan. Ó gba fúránkì 90.000. Ó fi ra ẹran, ìrẹsì, bíà, sódàbì àti aṣọ ẹbí. Àpò méjì mìíràn ni wọ́n sè nílé. Èyí tí ó kù jẹ́ mẹ́rin.

Ìsìnkú náà dùn. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi jó. Gbogbo abúlé ní, “Bàbá yìí bímọ!”

Àpò mẹ́rin náà tán ní ìparí oṣù kẹrin. Irúgbìn pàápàá ti bá a lọ. Bàbá Ìbejì ra àgbàdo lásán lọ́jà, ó gbìn ín. Òmíràn hù, òmíràn kò hù.

Ní oṣù karùn-ún, oúnjẹ tán pátá. Àpò àgbàdo kan ti di fúránkì 25.000. Ó lọ bá oníṣòwò kan, ó gba àpò mẹ́ta láwìn. Gbèsè rẹ̀ di fúránkì 75.000. Oníṣòwò náà ní, “Kò burú. Ṣùgbọ́n àgbàdo titun ni ìwọ yóò fi san án, fúránkì 12.500 ni n ó sì ka àpò kan sí.” Bàbá Ìbejì gbà, nítorí ebi ń pa àwọn ọmọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ pa pọ̀. Fúránkì 75.000, bí a bá pín in sí 12.500, àpò mẹ́fà ni. Àpò mẹ́ta ni Bàbá Ìbejì jẹ. Àpò mẹ́fà ni yóò san. Àgbàdo náà ṣì wà lórí ìdúró lóko, ó ti di ti ẹlòmíràn.

Ní oṣù kẹfà, ibà mú Táíwò lóru. Ara ọmọ náà gbóná bí iná. Kò sí owó láti lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n wo ọ̀nà fún ọjọ́ méjì, wọ́n ń fún un ní àgbo. Ní ọjọ́ kẹta, gìrì mú un. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ni ó yá wọn lówó, zémìjáàn kan sì gbé ìyá àti ọmọ dé ọsibítù. Nọ́ọ̀sì ní, “Ẹ̀yin ìyá wa, bí ẹ bá tètè mú un wá lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kì bá tí le báyìí.” Ọmọ náà yè. Ṣùgbọ́n díẹ̀ ló kù.

Lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n padà sílé, Ìyá Ìbejì kúnlẹ̀ síwájú ọkọ rẹ̀.

“Bàbá Ìbejì, ẹ má bínú. Mo ní ọ̀rọ̀ kan.”

“Sọ ọ́, ìyá ọmọ mi.”

“A sin bàbá wa dáadáa. Gbogbo abúlé ni ó yìn wá. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó yìn wá ní oṣù kejìlá, ta ni nínú wọn tí ó mọ̀ pé Táíwò fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́ ní oṣù kẹfà?”

Bàbá Ìbejì dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, “Kí ni ǹ bá ti ṣe? Ṣé kí n sin bàbá mi bí ẹni tí kò bímọ ni?”

“Rárá o. Bàbá wa tó ẹni tí à ń sin. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ ni bàbá wa. Ẹ rántí àgbàdo tí wọ́n máa ń so kọ́ sókè àdògán? Bí ebi ti wù kí ó pa ilé tó, ẹnì kan kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, nítorí irúgbìn ni. Bí wọ́n bá rí i pé a se irúgbìn fún àwọn tí ó wá jó níbi òkú wọn, ṣé inú wọn yóò dùn?”

Bàbá Ìbejì mi orí. Ó ní, “O ò purọ́. Bàbá mi ì bá ti fi kùmọ̀ lé mi. Jókòó, ká jọ ronú ohun tí a ó ṣe lọ́dún tí ń bọ̀.”

Ohun tí àwọn méjèèjì jọ rò nìyí. Ẹ̀yin náà lè ṣe é.

ÌPÍN MÁRÙN-ÚN

Nígbà tí ìkórè bá wọlé, kí ẹ tó ta ẹyọ kan, ẹ pín in sí ọ̀nà márùn-ún.

Ìpín kìíní ni irúgbìn. Ẹ ṣa èyí tí ó tóbi, tí kòkòrò kò jẹ. Hẹ́kítà kan nílò tó kílò 20 irúgbìn àgbàdo. Ẹ fi díẹ̀ kún un fún àtúngbìn. Irúgbìn kì í ṣe oúnjẹ.

Ìpín kejì ni oúnjẹ ilé. Ẹ ka iye ẹnu tí ó wà nílé. Ẹ ka iye oṣù tí ó kù kí àgbàdo titun tó dé. Ẹ fi ìdí àpò wọ̀nyí sí ìsàlẹ̀ àká, kí ó le láti yọ.

Ìpín kẹta ni ti oko: ọkọ́, àdá, owó ọ̀wẹ̀, ajílẹ̀.

Ìpín kẹrin ni ti ọmọ àti ìlera: ìwé ọmọ, owó ilé ìwòsàn, owó agbẹ̀bí fún ẹni tí ó lóyún. Ẹ má ṣe dúró kí àìsàn dé kí ẹ tó wá owó rẹ̀.

Ìpín karùn-ún ni ti ọdún. Ìpín yìí kò gbọdọ̀ wọ inú àwọn ìpín mẹ́rin yòókù. Bí ọdún bá fẹ́ tóbi ju ìpín rẹ̀ lọ, ọdún ni kí ẹ dín kù.

Èyí tí ẹ fẹ́ tà, bí ẹ bá lè ṣe é, ẹ má ṣe tà á tán lọ́jọ́ tí gbogbo ènìyàn ń tà. Ṣùgbọ́n kí àgbàdo tó lè dúró pẹ́, ó gbọ́dọ̀ gbẹ dáadáa. Báwo ni ẹ ó ṣe mọ̀? Ẹ wá ìgò gbígbẹ kan. Ẹ da ẹ̀kúnwọ́ àgbàdo sínú rẹ̀ pẹ̀lú iyọ̀ gbígbẹ ṣíbí kan tàbí méjì. Ẹ dé e, ẹ gbọ̀n ọ́n fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó dúró bí ìṣẹ́jú 15. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, àgbàdo náà ṣì tutù. Ẹ tún sá a. Bí iyọ̀ kò bá lẹ̀, ó ti gbẹ.

Ẹ kíyè sí i: oògùn tí a ń fín sí òwú kì í ṣe oògùn àgbàdo. Ní ìhà Borgou, ní ọdún 1999 sí 2000, oògùn òwú tí à ń pè ní endosulfan pa ọ̀pọ̀ ènìyàn, àwọn ọmọdé sì wà nínú wọn. Oúnjẹ tí oògùn kàn ni ó pa àwọn mìíràn. Ẹ má ṣe fi agolo oògùn pọn omi. Ẹ má ṣe fi ra epo tàbí sódàbì fún ọdún. Bí ẹ tilẹ̀ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, májèlé ṣì wà lára rẹ̀.

ÈSÚSÚ ỌDÚN

Èsúsú, tí àwọn kan ń pè ní tọ́ńtínì, kì í ṣe ohun titun fún wa. Ẹgbẹ́ kan lè dá èsúsú sílẹ̀ nítorí ọdún nìkan. Bí ènìyàn kan bá dá fúránkì 500 lọ́sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje, ní ọ̀sẹ̀ 52 yóò ní fúránkì 26.000. Bí ènìyàn 20 bá ṣe bẹ́ẹ̀, fúránkì 520.000 ni gbogbo rẹ̀. Ẹgbẹ́ náà lè pa owó pọ̀ ra ìrẹsì, òróró àti ẹran ní ọ̀pọ̀, kí wọ́n sì pín in. Owó rẹ̀ yóò dín ju kí olúkúlùkù máa ra díẹ̀díẹ̀ lọ.

Báwo ni a ó ṣe ṣọ́ owó náà? Ní ọdún 1991, àjọ CARE bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ ìfowópamọ́ fún àwọn obìnrin abúlé ní orílẹ̀-èdè Niger. Ọ̀nà náà ti tàn ká ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà. Ọ̀pọ̀ nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ń lo àpótí irin tí ó ní àgádágodo mẹ́ta. Ènìyàn mẹ́ta ni ó ń mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ẹnì kẹrin ni ó ń gbé àpótí náà pamọ́. Kò sí ẹni tí ó lè dá ṣí i. Iwájú gbogbo ẹgbẹ́ ni wọ́n ti ń ka owó. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé kọ, ẹ̀yin ni kí ẹ máa kọ orúkọ àti iye owó sínú ìwé. Ìwé tí a kọ kì í gbàgbé.

ÀGBÒ ILÉYÁ ŃKỌ́?

Ọjọ́ tí Iléyá bá ku ọ̀sẹ̀ kan, owó àgbò a fò sókè. Ẹni tí ó gbọ́n a ra àgbò kékeré ní oṣù mẹ́rin tàbí márùn-ún ṣáájú, a sì bọ́ ọ nílé. Ohun tí yóò jẹ wà láyìíká wa: ìtàkùn ẹ̀wà, ewé ẹ̀pà, èèpo iṣu, èèpo ẹ̀gẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ sá èèpo ẹ̀gẹ́ kí ó gbẹ dáadáa kí ẹ tó fún un, nítorí májèlé wà nínú èèpo tútù. Ẹ fún un ní omi mímọ́ lójoojúmọ́ àti iyọ̀ díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ibùsùn rẹ̀ gbẹ.

Ẹ bèèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ẹran ọ̀sìn nípa abẹ́rẹ́ tí ó ń dènà àjàkálẹ̀ àrùn àgùntàn àti ewúrẹ́. Àrùn yìí lè pa agbo kan tán láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹ sì rántí pé ẹran tí ó fọ́jú tàbí tí ó yarọ kò yẹ fún ẹbọ Iléyá. Nítorí náà, ìtọ́jú rere kì í ṣe ti owó nìkan, ti ẹ̀sìn náà ni. Ẹni tí kò bá sì ní agbára, Ọlọ́run kò di ẹrù gbèsè lé e lórí. Kí ó bèèrè lọ́wọ́ lèmọ́mù rẹ̀.

ÌLERA LỌ́JỌ́ ỌDÚN

Inú kò lè dùn bí inú bá ń run. Ẹ jẹ́ ká ṣọ́ nǹkan wọ̀nyí.

Oúnjẹ. Kí alásè fi omi àti ọṣẹ fọ ọwọ́ kí ó tó fọwọ́ kan oúnjẹ. Ẹ má ṣe fi ọ̀bẹ tí ẹ fi gé ẹran tútù gé oúnjẹ tí ó ti jinná, àfi bí ẹ bá fọ̀ ọ́. Oúnjẹ tí a sè kò gbọdọ̀ wà nílẹ̀ ju wákàtí méjì lọ láìgbóná. Bí ó bá di alẹ́, ẹ tún un gbé kaná títí yóò fi hó. Ẹ bò ó kí eṣinṣin má bà lé e.

Ìgbẹ́ gbuuru. Bí ọmọ bá ń ya ìgbẹ́ gbuuru, omi ara rẹ̀ ni ó ń tán lọ. Ẹ mú omi mímọ́ lítà 1, ẹ po ṣúgà ṣíbí tíì 6 àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì sí i. Kí ṣíbí náà dọ́gba, kí ó má ṣe ga. Ẹ fún ọmọ náà ní díẹ̀díẹ̀, léraléra. Ẹ má ṣe gba ọmú lẹ́nu rẹ̀. Ní ilé ìwòsàn, wọn yóò fún yín ní oògùn zinc tí yóò lò fún ọjọ́ 10 sí 14. Bí ojú rẹ̀ bá jìn, bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, tàbí bí kò bá lè mu omi, ẹ má ṣe dúró. Ẹ gbé e lọ.

Ẹ̀fọn. Ẹ̀fọn tí ó ń fa ibà, láti ìrọ̀lẹ́ títí di àfẹ̀mọ́júmọ́ ni ó ń jẹni jù. Àkókò tí a ń ṣọ́ òkú, tí a ń wo Ẹ̀fẹ̀, tí a ń ṣe ìsìn òru Nọẹ́lì nìyẹn. Ẹ wọ aṣọ tí ó bo apá àti ẹsẹ̀. Ẹ tẹ́ àwọn ọmọdé àti aboyún sábẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn tí ó ní oògùn. Àlejò tí ó wá ṣọdún náà nílò àwọ̀n.

Ọtí. Sódàbì tí a kò mọ ibi tí wọ́n ti pọn ọ́n léwu. Èyí tí wọ́n lú lè fọ́ni lójú, ó lè pani. Aboyún kò gbọdọ̀ mu ọtí kankan. Ẹni tí ó bá ti mutí, kí ó sùn síbẹ̀. Kí ó má ṣe gun alùpùpù. Ẹni tí ó bá gùn ún, kí ó dé akoto, nítorí orí kì í ní ìrọ́pò.

AYẸYẸ TÍ KÒ NÁNI LÓWÓ

A mọ bí a ti ń ṣe ayẹyẹ òkú. Ṣé a mọ bí a ti ń ṣe ayẹyẹ ẹni tí ó wà láàyè?

Ọjọ́ tí ọmọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ pé, ayẹyẹ ni. Ẹ se ẹyin kan fún un. Ọjọ́ tí ìyá bímọ ní ìrọ̀rùn, ayẹyẹ ni. Kí ọkọ bá a pọn omi. Ọjọ́ tí ọmọ pé ọdún márùn-ún, ayẹyẹ ni, nítorí ọ̀pọ̀ ewu ọmọdé ni ó ti kọjá. Ọjọ́ tí ìyá àgbà kọ orúkọ ara rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn àgbà, ayẹyẹ ńlá ni. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un. Bàbá tí ó ń wúkọ́, tí ó sì ní oògùn láti rà, ẹ ra oògùn náà báyìí. Owó kékeré tí a ná lé e lórí nígbà tí ó wà láàyè sàn ju màlúù tí a pa nígbà tí kò sí mọ́.

Bàbá Ìbejì ṣì ń ṣe ọdún. Lọ́dún tí ó tẹ̀ lé e, nígbà tí ẹbí dé, ó pa ewúrẹ́ kan dípò mẹ́ta. Àwọn kan kùn. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹfà, nígbà tí àwọn tí ó kùn ń wá àgbàdo kiri, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n wá. Ó wọ̀n fún wọn. Irúgbìn rẹ̀ sì wà lókè àdògán, ní ibi tí bàbá rẹ̀ máa ń so ó kọ́ sí.

ÌBÉÈRÈ FÚN ẸGBẸ́ ÌKÀWÉ

1. Ẹ ka gbogbo ọjọ́ ayẹyẹ tí ó wà ní abúlé yín láàárín ọdún kan. Èwo ni ó bọ́ sí ìgbà tí àká gbẹ?

2. Kí ló dé tí àpò mẹ́ta tí Bàbá Ìbejì jẹ fi di àpò mẹ́fà?

3. Bí ènìyàn 15 bá ń dá fúránkì 300 lọ́sẹ̀, èló ni wọn yóò ní ní ọ̀sẹ̀ 52?

4. Ta ni ó yẹ kí ó pinnu iye tí ẹbí yóò ná sí ìsìnkú? Ṣé àwọn ìyàwó ilé ń bá wọn jókòó?

5. Ayẹyẹ wo ni ẹ lè ṣe fún ẹnì kan tí ó wà láàyè nílé yín lọ́sẹ̀ yìí?